Ibi Tí Ọwọ́ Wà, Ibi Tí Iṣẹ́ Wà

Thin client jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju prósẹ́sọ̀ kékeré kan, mẹ́mọ́rì ìwọ̀nba, ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ihò mọ́nítọ̀ àti ibi tí wọ́n ń ki kíbọọ̀dù àti máòsì bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní háàdì dísìkì, ọ̀pọ̀ kò sì ní fáànù. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ á rí ojú iṣẹ́ Windows tàbí Linux bí ẹni pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ń kọ, ìṣirò tó ń ṣe àti fáìlì tó ń ṣí, orí sáfà tó wà nínú yàrá mìíràn tàbí ní ìlú mìíràn ni gbogbo wọn ti ń ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnnì tó tẹ̀ àti ibi tó gbé máòsì sí ló ń gba inú wáyà lọ sí sáfà. Àwòrán ojú iṣẹ́ náà ló ń padà bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ṣe alákòóso irú ètò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà pẹ̀lú àpótí orí tábìlì. Ìjókòó ló ń ṣàkóso: iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ lórí sáfà, tó wà láàyè níbẹ̀ yálà ẹni náà wà níwájú ẹ̀rọ tàbí kò sí.

Kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ohun tó dé lánàá. Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS hàn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ń fi díẹ̀díẹ̀ dá àwọn mélòó kan lóhùn, ó sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí kálukú fi rò pé òun nìkan ló ń gbọ́ tòun. Títí di ìparí àwọn ọdún 1970, bí ọ́fíìsì ńláńlá ṣe ń lo kọ̀ǹpútà nìyẹn. IBM 3270 tó jáde ní 1971 àti VT100 ti ilé iṣẹ́ DEC tó jáde ní 1978 kò lè ṣe ìṣirò kankan fúnra wọn. Lẹ́tà ni wọ́n ń fi hàn, lẹ́tà ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí IBM PC dé ní 1981, iṣẹ́ kúrò láàárín, ó bọ́ sórí tábìlì kálukú. Òmìnira dé, wàhálà sì bá a wọlé: kálukú pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú háàdì dísìkì tó lè bàjẹ́ nígbàkígbà, kálukú pẹ̀lú ètò tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá tún ṣe lójúkojú.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa dá iṣẹ́ padà sáàárín láìpàdánù àwòrán àti máòsì tí PC ti mú mọ́ èèyàn lára. Ní 1984, wọ́n bẹ̀rẹ̀ X Window System ní MIT, tó jẹ́ kí ètò máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan kí ojú rẹ̀ sì máa hàn lórí òmíràn. Ed Iacobucci, tó ti ṣiṣẹ́ ní IBM, dá Citrix sílẹ̀ ní 1989. Ní 1995, WinFrame tí ilé iṣẹ́ náà ṣe jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ máa lo Windows NT kan ṣoṣo láti ọ̀nà jíjìn. Microsoft gba àṣẹ ìmọ̀ náà lọ́wọ́ Citrix, ó sì gbé Windows NT 4.0 Terminal Server Edition jáde ní 1998 pẹ̀lú RDP, ìlànà tí ọ̀pọ̀ thin client ṣì ń fi bá sáfà sọ̀rọ̀ títí di òní. Ní 1999, Sun Microsystems gbé Sun Ray, thin client tirẹ̀, jáde, nígbà tí Jim McQuillan bẹ̀rẹ̀ LTSP, èyí tó ń sọ kọ̀ǹpútà àlòkù di thin client fún Linux. Skolelinux, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní Norway ní 2001, gbé irú rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tó dá iṣẹ́ padà sáàárín yàtọ̀ sí ohun tó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀. Ní ayé CTSS, kọ̀ǹpútà ló wọ́n. Ní ayé RDP, kọ̀ǹpútà ti pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn. Ìtọ́jú rẹ̀ ló wọ́n. Ibi tí ìtọ́jú bá sì pọ̀ sí ni àkóso máa ń lọ.

Bí wọ́n bá tan thin client, àdírẹ́sì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, DHCP ló sì ń fún un. Èyí tó ní ètò tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì kékeré á tibẹ̀ dìde. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú á fi PXE béèrè, sáfà á sì fi TFTP kó ohun tó fi máa dìde ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò wá àṣẹ tó máa tẹ̀ lé. Lórí àwọn Wyse tó ń lo àwọn ẹ̀dà ThinOS àtijọ́, fún àpẹẹrẹ, nọ́ńbà 161 nínú èsì DHCP lè tọ́ka sí sáfà tí fáìlì àṣẹ wà. Wnos.ini ni wọ́n ń pe fáìlì náà láti ọjọ́ pípẹ́, lẹ́tà lásán ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Orúkọ sáfà, ìwọ̀n ojú mọ́nítọ̀, èdè kíbọọ̀dù, ohun tí òṣìṣẹ́ lè yí padà àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlà kan tí alákòóso bá yí padà lóru lè tún ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlà kan tó bá ṣì kọ lè dá ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ dúró ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ dán àṣẹ tuntun wò lórí ẹ̀rọ kan tàbí méjì, tí yóò lo ọjọ́ bíi mélòó kan pẹ̀lú rẹ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.

Ẹ̀rọ tó ti gba àṣẹ á wá kan ilẹ̀kùn sáfà. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn (port) RDP ni 3389, ti VNC, ìlànà mìíràn tó jọ ọ́, ni 5900. Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kàn án ni sáfà ń ṣí ojú ìwọlé sílẹ̀ fún, kó tó béèrè pé ta ni. NLA, tó bá Windows Vista àti Windows Server 2008 dé, yí èyí padà: ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn kí sáfà tó lo agbára kankan lé e lórí. Níbi tí sáfà bá ti ju ọ̀kan lọ, Connection Broker ló ń yẹ ìwé wò. Bí ẹni náà bá ti ní ìjókòó tó fi sílẹ̀ níbì kan, wọ́n á dá a padà síbẹ̀. Bí kò bá ní, wọ́n á darí rẹ̀ sí sáfà tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́.

Àwòrán tó ń padà bọ̀ kì í wá ní odindi. Ojú mọ́nítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1920 sí 1080 ní ẹyọ àwọ̀ 2,073,600. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́ta, àwòrán kan ṣoṣo ju mẹ́gábáìtì 6 lọ. Bí sáfà bá ń fi 60 irú rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnì kan ṣoṣo á gba tó gígábíìtì 3, bẹ́ẹ̀ wáyà tó wà ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò gbà ju gígábíìtì 1 lọ. RDP ń yọ nínú ìṣòro yìí nípa pé apá ibi tó yí padà nìkan ló ń fi ránṣẹ́, ó ń fún un pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí thin client tọ́jú àwọn àwòrán tó ń wáyé lemọ́lemọ́ kó má baà tún wọn gbà. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kò yí ju ìlà kan padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ohun tó ń gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń wo fídíò ń yí gbogbo ojú mọ́nítọ̀ padà ní gbogbo ìgbà, òun ló sì lè fa gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì sẹ́yìn.

Ju fífẹ̀ wáyà lọ, gígùn ọ̀nà ló ń dá ìgbádùn tàbí ìnira sílẹ̀. Inú wáyà onígíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà MainOne tó dé Èkó láti Pọtogí ní 2010 gùn tó 7,000 kìlómítà. Bí sáfà bá wà ní òpin ọ̀nà yẹn, lẹ́tà tí ẹnì kan tẹ̀ ní Èkó kò lè hàn lójú mọ́nítọ̀ rẹ̀ kí mílísẹ́kọ́ǹdì 70 tó kọjá, bí wọn kò bá tilẹ̀ ka ìdúró ojú ọ̀nà. Èyí ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ tó pọ̀, sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbára lé, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ á ti kọ ọ̀rọ̀ kan tán kí ojú tó rí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí owó tó lè ra ìrìn ìmọ́lẹ̀ padà. Ohun tí alákòóso lè ṣe ni kó gbé sáfà súnmọ́ àwọn tó ń lò ó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó dé ibi tí àkóso gan-an wà. Ọ̀nà méjì ni òṣìṣẹ́ lè gbà kúrò nídìí thin client. Ó lè jáde pátápátá: àwọn ètò á pa dé, mẹ́mọ́rì á ṣófo, ìjókòó á parí. Ó sì lè gé ìsopọ̀ nìkan, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí iná ló lọ, tàbí wáyà ló já. Nígbà náà, gbogbo ohun tó ṣí sílẹ̀ wà lórí sáfà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, títí kan ìlà lẹ́tà tí kò tíì parí. Sun Ray fi èyí ṣe ẹwà nígbà ayé rẹ̀: òṣìṣẹ́ á yọ káàdì rẹ̀ lára ẹ̀rọ kan, á ki í bọ òmíràn ní yàrá kejì, iṣẹ́ rẹ̀ á sì bá a débẹ̀. Lójú òṣìṣẹ́, jíjáde àti gígé ìsopọ̀ dọ́gba, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lójú mọ́nítọ̀ nínú méjèèjì. Lójú sáfà, ọ̀kan ti dá ohun tó yá padà, èkejì ṣì dì í mú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn sáfà fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí iná bá lọ lójijì, thin client kì í ráyè sọ pé òun ń lọ. Sáfà lè máa rò pé ẹni náà ṣì wà níbẹ̀, tó ń ronú lórí ohun tó fẹ́ kọ. Bí iná bá dé, tí onítọ̀hún sì tún wọlé, sáfà tí wọn kò tò dáadáa lè ṣí ìjókòó kejì fún un, kí ẹni náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé iṣẹ́ òun ti sọnù, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ náà ń bẹ nínú ìjókòó àkọ́kọ́. Oògùn rẹ̀ jẹ́ méjì nínú àṣẹ Windows: kí sáfà máa béèrè lóòrèkóòrè bóyá ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì wà, kí ẹnì kan má sì ní ju ìjókòó kan lọ.

Báwo wá ni ìjókòó tí ẹni tó ni ín kò sí níwájú ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó? Windows ń gba alákòóso láyè láti fi àsìkò sí i: tí ìsopọ̀ bá ti gé, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan nǹkan fún ìgbà kan, kí ìjókòó parí. Ká ní sáfà kan ní mẹ́mọ́rì 64 GB, tí Windows fúnra rẹ̀ mú 8, tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì ń gba 2. Ènìyàn 28 ni àyè gbà. Bí mẹ́wàá bá gé ìsopọ̀ nírọ̀lẹ́ láìjáde, 20 GB ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kò sí nílé. Àsìkò kúkúrú á gba àyè náà padà, ṣùgbọ́n á pa iṣẹ́ ẹni tó kàn lọ jẹun láìtíì tọ́jú fáìlì rẹ̀. Àsìkò gígùn á ṣàánú ẹni yẹn, á sì fi ìyà jẹ ẹni tó dé ní àárọ̀ tí sáfà ń wọ́ nílẹ̀. Kò sí iye wákàtí kan tó tọ́ fún gbogbo ibi. Ọ́fíìsì tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò lè lo àsìkò kan náà pẹ̀lú ilé ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè wọlé jókòó.

Mẹ́mọ́rì, prósẹ́sọ̀ àti dísìkì sáfà dà bí àmù omi agbo ilé: bí ẹnì kan bá fi garawa bù ú, igbá àwọn yòókù á kan ìsàlẹ̀. Ẹni tó ṣí ọgbọ̀n ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà kò mọ̀ pé òun ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí kò rí ẹlòmíràn. Láti Windows Server 2008 R2, sáfà ti ń pín agbára prósẹ́sọ̀ bákan náà fún gbogbo ìjókòó. Ẹ̀dà 2012 fi dísìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un. Mẹ́mọ́rì kò sí nínú ìpín náà, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Nítorí náà, alákòóso gbọ́dọ̀ máa wo iye tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, kó sì fi ìyẹn ṣírò iye ènìyàn tí sáfà lè gbé.

Àwọn àṣẹ kúkúrú kan wà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Quser á fi hàn ẹni tó wà lórí sáfà, ìgbà tó wọlé àti bó ti pẹ́ tó tó ti fọwọ́ kan nǹkan gbẹ̀yìn. Logoff á parí ìjókòó tí wọ́n bá dárúkọ. Bí sáfà bá nílò àtúnṣe, àṣẹ change logon /drain á ní kó má gba ẹni tuntun mọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ parí iṣẹ́ wọn, kódà kí ẹni tó gé ìsopọ̀ lè padà sórí tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín alákòóso tó ń lo àṣẹ yìí àti èyí tó kàn pa sáfà tó sì tún un tan kò sí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó wà nínú bí kálukú ṣe ka àkókò ẹlòmíràn sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ wíwo ojú iṣẹ́ ẹlòmíràn. RDP ń jẹ́ kí alákòóso wọ inú ìjókòó òṣìṣẹ́, kó rí ohun tó ń rí, kó sì bá a gbé máòsì. Ó wúlò fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ tí kò sì mọ bó ṣe máa ṣàlàyé. Windows sábà máa ń béèrè àyè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, ṣùgbọ́n alákòóso lè pa ìbéèrè náà. Níbi tí wọ́n bá ti pa á, ó yẹ kí òfin ilé iṣẹ́ sọ ẹni tó lè wò, ìgbà tó lè wò àti ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ sí.

Ìwé àṣẹ ìlò (license) pẹ̀lú ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láìsí rẹ̀, Windows Server kò gbà ju ìsopọ̀ méjì lọ, ìyẹn sì wà fún iṣẹ́ alákòóso nìkan. Bí wọ́n bá fi ètò Remote Desktop Services sí i, Microsoft ń fún wọn ní 120 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sáfà á máa kọ èèyàn. Ìwé àṣẹ wà fún ẹni, ó sì wà fún ẹ̀rọ. Ibi tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá ti ń pín thin client kan lò ní àárọ̀, ọ̀sán àti òru, ti ẹ̀rọ ló rọjú. Ibi tí ọ̀gá kan bá ti ń lo ẹ̀rọ mẹ́ta, ti ẹni ló rọjú. Yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ orísun ẹjọ́ lemọ́lemọ́, nítorí sáfà lè máa wá ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibi tí kò sí. Fífún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dípò kíkì í bọ ẹ̀yìn thin client, ń pa ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí.

Ní ti ààbò, ètò yìí ní èrè, ó sì ní ewu. Olè tó bá jí thin client kò rí fáìlì kankan gbé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ sáfà ti wọ ilé gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Microsoft kéde àlébù kan nínú RDP tí wọ́n wá ń pè ní BlueKeep, tó lè jẹ́ kí ènìyàn gba sáfà láìní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ewu náà pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, tó ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ láti 2014. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kí ilẹ̀kùn 3389 má kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, kí ẹni tó wà níta gba VPN tàbí RD Gateway wọlé, kí NLA wà lẹ́nu iṣẹ́, kí àtúnṣe má pẹ́. Kí wọ́n sì pinnu bóyá òṣìṣẹ́ lè da ọ̀rọ̀ kọ tàbí kó fáìlì láti orí sáfà sórí USB tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí kò sí nínú thin client ti lè gba inú rẹ̀ jáde.

Ní Nàìjíríà àti ní Benin, iná mọ̀nàmọ́ná fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ thin client kì í jẹ ju wáàtì 5 sí 15 lọ. Bí 40 wọn bá ń jẹ 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, wáàtì 400 ni, láìka mọ́nítọ̀. Inverter tí kò lè gbé ogójì kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè gbé wọn. Kódà bí kò bá tó láti gbé thin client, kó ṣáà ti gbé sáfà àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì: iná á lọ, mọ́nítọ̀ á kú, iṣẹ́ kò ní kú. Ṣùgbọ́n ibi tí sáfà wà ló ń pinnu irú ewu tí ilé iṣẹ́ yàn. Ní oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù lè rí i pé thin client òun ti di àpótí lásán. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní yàrá kejì kò ní ju kó pàdánù íméèlì lọ. Àmọ́ ẹni ti yàrá kejì náà ló máa bá jẹnẹrétọ̀, ooru àti olè fà á.

Ìjókòó tó ń gbé nínú mẹ́mọ́rì kò lè ju sáfà rẹ̀ lọ ní ẹ̀mí. Bí sáfà bá ṣubú, gbogbo lẹ́tà tí wọn kò tíì tọ́jú bá a lọ. Sáfà kejì, fáìlì tó wà lórí dísìkì ọ̀tọ̀ àti ẹ̀dà tó wà ní ibòmíràn kì í ṣe àṣejù níbi tí ogójì ènìyàn ti fi iṣẹ́ wọn sójú kan. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò yẹ kó wá síbẹ̀ rárá: ṣíṣe àtúntò fídíò, yíyàwòrán ilé ńlá láìsí sáfà tó ní agbára àwòrán, àti iṣẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ìkẹyìn, ìbéèrè mẹ́rin ni àkóso náà dúró lé: ìjókòó tí ẹni tó ni ín ti lọ á pẹ́ tó báwo, ènìyàn mélòó ni sáfà kan á gbé, ta ló lè wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, kí ni á ṣẹlẹ̀ bí àárín bá ṣubú. Ilé iṣẹ́ tí kò dáhùn wọn ti fi ìdáhùn sílẹ̀ fún àṣẹ tí ẹ̀rọ bá dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó sì yẹ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà síbi tí òṣìṣẹ́ lè kà á. Ẹni tí kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì rẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìgbà tó ń kú lọ. Ẹni tó ń lo thin client kò rí nǹkan kan lára sáfà, ohun tí wọ́n bá sọ fún un nìkan ló mọ̀.